Ìdáhùn mẹ́ta fún ìṣirò kan ṣoṣo: èwo ni kí á kọ́kọ́ ṣe?

Olùkọ́Lágẹ́rẹ́ béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ praimárì kẹfà tó ń múra ìdánwò Common Entrance ni mo gbé wá. Ìṣirò tó wà lójú pátákó nìyí:

7 + 3 × 4 − 6 ÷ 2

Ìdáhùn mẹ́ta ló jáde nínú kíláàsì kan: 17, 16 àti 6½. Gbogbo wọn ló sì ní BODMAS làwọn lò (Brackets, Of, Division, Multiplication, Addition, Subtraction: lẹ́tà mẹ́fà tó ń sọ èyí tí à ń kọ́kọ́ ṣe). Mo tún kọ 20 − 8 + 5, ọ̀pọ̀ mú 7 wá. Wọ́n ní A ló ṣáájú S nínú BODMAS, torí náà ìròpọ̀ làwọn kọ́kọ́ ṣe. Èyí ò tíì tán nílẹ̀ tí òbí kan fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp:

12 ÷ 3(1 + 1)

Ẹ̀rọ ìṣirò kan ní 8, òmíràn ní 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á: ibo ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ti wá? Báwo ni mo sì ṣe lè fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, tí kò fi ní jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́fà ni àwọn ọmọ kàn há sórí?

BàbáÌṣirò_Ìlódè fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Olùkọ́. 16 ni. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú àwọn àṣìṣe náà wò, torí ìdáhùn tí kò tọ́ máa ń sọ ohun tí ọmọ ṣe, bí ẹ bá tọpa rẹ̀.

Ọmọ tó mú 17 wá kà á bí ẹni ń ka ìwé, láti òsì lọ sí ọ̀tún láìdúró: 7 àti 3 di 10, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ di 40, yọ 6 kúrò ó ku 34, pín in sí méjì, 17. Ọmọ tó mú 6½ wá sàn jù ú lọ díẹ̀. Ó rántí pé 3 × 4 ló yẹ kó ṣáájú, ó mú 12. Àmọ́ nígbà tó dé iwájú ó gbàgbé pé 6 ÷ 2 náà ní ẹ̀tọ́ kan náà: 7 + 12 jẹ́ 19, yọ 6 ó ku 13, pín in sí méjì, 6½. Àwọn méjèèjì kò ṣe àṣìṣe kan náà, nítorí náà ẹ má fi àtúnṣe kan náà fún wọn.

Nísinsìnyí, BODMAS. Lẹ́tà mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú àkámọ́ ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni "of", tí màá padà sí bí ẹ bá fẹ́. Ìpele kẹta ni ìsọdipúpọ̀ àti pípín, pa pọ̀. Ìpele kẹrin ni ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, pa pọ̀. D kì í ṣe ẹ̀gbọ́n M, A kì í ṣe ẹ̀gbọ́n S. Ìbejì ni wọ́n: ẹni tó bá kọ́kọ́ yọjú láti apá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ní Amẹ́ríkà PEMDAS ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, M ló sì ṣáájú D níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ló ń pàṣẹ, 24 ÷ 4 × 2 ìbá jẹ́ 12 ní Ifẹ̀, kó sì jẹ́ 3 ní Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. 12 ni níbi gbogbo, torí ÷ ló kọ́kọ́ yọjú: 24 ÷ 4 jẹ́ 6, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 12.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ọmọdé ni kí ó mọ ògiri. Kí ó fa ìlà gbọọrọ kan síwájú gbogbo + àti − tí kò sí nínú àkámọ́:

7 | + 3 × 4 | − 6 ÷ 2

Ilé oníyàrá mẹ́ta nìyẹn. Kí ó parí iṣẹ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan kí ó tó ṣílẹ̀kùn: 7, 12, 3. Àmì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ti yàrá yẹn ni, kò gbọ́dọ̀ jábọ́. Wàyí o, 7 + 12 − 3, láti òsì: 19, 16. Ẹni tó bá fa ògiri kò lè mú 6½, torí 6 àti 2 wà nínú yàrá kan náà, wọn ò lè tú ká.

20 − 8 + 5 náà, ògiri ló máa yanjú rẹ̀: 20 | − 8 | + 5. Àmì ìyọkúrò yẹn, 8 nìkan ló ni ín. Ẹ ní kí ọmọ kà á sókè bí owó: ẹnì kan ní ogún náírà, ó ná mẹ́jọ, wọ́n tún fún un ní márùn-ún. Ta ni yóò sọ pé méje ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? 17 ni. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ń fẹ́ 7, 20 − (8 + 5) ló yẹ kó kọ.

Èyí tó tún máa ń bá ọmọ níbi tí kò rò ni ìyọkúrò tó wà níwájú àkámọ́: 15 − (6 − 2). Ọ̀pọ̀ á tú àkámọ́ náà dànù, wọ́n á kọ 15 − 6 − 2, wọ́n á mú 7. Nínú àkámọ́ ló ti ku 4, 15 − 4 sì jẹ́ 11. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, − inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà di +: 15 − 6 + 2.

AtẹrọMayfair fèsì:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ gan-an ni òbí ti máa ń bá olùkọ́ jà.

Ẹ tẹ 2 + 3 × 4 =. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí àwọn oníṣòwò ń lò á fún yín ní 20. Èyí tó wà lórí fóònù á fún yín ní 14. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ẹ̀rọ kékeré kì í dúró dè yín: bí ẹ bá ti tẹ àmì kejì báyìí, ó ti parí iṣẹ́ àkọ́kọ́. 2 + 3 ti di 5 nínú rẹ̀ kí 4 tó dé. Fóònù ń dúró gba gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó dáhùn, ó sì mọ ìpele. Kódà lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ̀rọ ìṣirò kan náà ń fún ni ní 20 bí ẹ bá wà ní Standard, 14 bí ẹ bá wà ní Scientific. Nítorí náà, kí ọmọ tó ní "ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀", kí ó fi 2 + 3 × 4 dán ẹ̀rọ náà wò. 14, ó mọ ìpele. 20, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ lọ́jà. Ẹnì kan ra kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta ní Odò-Ògbè, ₦1,500 kóńgò kan, pẹ̀lú ìgò epo kan ní ₦2,000. Ó fún wọn ní ₦10,000. Ìṣẹ́kù owó rẹ̀ ni:

10,000 − 3 × 1,500 − 2,000

₦3,500 ni. Bí ẹ bá tò ó bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ kékeré, ó máa yọ 3 kúrò nínú 10,000, yóò ku 9,997, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 1,500, yóò yọ 2,000, yóò sì gbé 14,993,500 jáde. Èyí kò léwu torí ojú ń rí i pé kò bọ́gbọ́n mu. Èyí tó léwu ni irú 17 ti Olùkọ́, tó jọ òótọ́.

Ẹ̀rọ kékeré yẹn ní bọ́tìnì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn: M+, M− àti MRC. Ẹ kọ́kọ́ tẹ MRC lẹ́ẹ̀mejì kí ohun àná má bàa wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ 10000 M+. Ẹ tẹ 3 × 1500 M−. Ẹ tẹ 2000 M−. Ẹ wá tẹ MRC lẹ́ẹ̀kan: 3500. Ẹ rí i pé ohun tí Bàbá pè ní yàrá ni M kọ̀ọ̀kan yẹn: iṣẹ́ inú rẹ̀ parí, lẹ́yìn náà ó wọlé pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Bí ẹ bá rí M kékeré kan ní igun ojú ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, ẹ pa á rẹ́.

Nípa 12 ÷ 3(1 + 1): àwọn ẹ̀rọ ńlá ti ilé ẹ̀kọ́ kò fohùn ṣọ̀kan lórí nọ́ńbà tó lẹ̀ mọ́ àkámọ́ láìsí × láàárín. Àwọn kan kà á sí ohun kan ṣoṣo, wọ́n á mú 2. Àwọn mìíràn á ní × kan náà ni, wọ́n á mú 8. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo pàápàá ti yí ọkàn padà lórí rẹ̀: TI-82 ti Texas Instruments ń fi èyí tó lẹ̀ mọ́ra ṣáájú, TI-83 tó tẹ̀ lé e kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lára àwọn Casio tuntun, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á fi àkámọ́ kún un kí ẹ lè rí bó ṣe gbọ́ ọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń fi èrò rẹ̀ hàn.

Fún àwọn ọmọ JSS: Excel ní ìwà kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Nínú ìwé ìṣirò, −3² jẹ́ −9, torí 3 lọ́nà ara rẹ̀ ló ṣáájú, ìyọkúrò ló gbẹ̀yìn. Ẹ tẹ =-3^2 sínú Excel, 9 ló máa gbé jáde. Ẹ tẹ =0-3^2, −9. Ó ka àmì − tó ṣáájú nọ́ńbà, tí kò sí nọ́ńbà mìíràn ṣáájú rẹ̀, sí ara nọ́ńbà náà. Ẹ fi àkámọ́ sí i nígbà gbogbo: =-(3^2).

ÈdèWaNíIfẹ̀ fèsì:

Olùkọ́, ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹnu ọmọ ni ẹ ti máa mú u. Òǹkà Yorùbá, ìṣirò onípele ni látòkè délẹ̀.

Ẹ kọ "márùndínláàádọ́ta" sójú pátákó. Ẹ ní kí wọ́n tú u. Àádọ́ta ni ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá. Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Nítorí náà:

20 × 3 − 10 − 5

45 ni. Ìsọdipúpọ̀ ló ṣáájú, ìyọkúrò tẹ̀ lé e. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ń kọ́kọ́ yọ mẹ́wàá kúrò nínú mẹ́ta. Bí ọmọ kan bá sì ní òun máa kọ́kọ́ ṣe 10 − 5 torí ó rọrùn, á mú 60 − 5, á di 55, ìyẹn márùndínlọ́gọ́ta. Ó ti sọ nọ́ńbà mìíràn nìyẹn, etí ara rẹ̀ á sì sọ fún un. Àwọn tó ń mú 7 níbi 20 − 8 + 5, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n: wọ́n ń kọ́kọ́ so àwọn tó wà lápá ọ̀tún pọ̀.

Ó tún ku èyí tó dùn jù. 375 ni irínwó ó dín márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ gbọ́ bí ẹnu ṣe pè é: "márùndínlọ́gbọ̀n", ọ̀rọ̀ kan, kò sí ibi ìsinmi nínú rẹ̀. Lílẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀ yẹn ni àkámọ́:

400 − (30 − 5)

Bí ẹ bá já a, tí ẹ kọ 400 − 30 − 5, 365 ni, iye ọjọ́ inú ọdún. Ẹ rí i pé àkámọ́ 15 − (6 − 2) tí Bàbá ń sọ ti wà lẹ́nu àwa fúnra wa tipẹ́.

Nínú 525, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé márùndínlọ́gbọ̀n, 200 × 3 − 100 + (30 − 5), ẹ lè tú àkámọ́ kí ohunkóhun má yí, torí + ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi 375 àti 525 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ bi wọ́n: kí ló dé tí ọ̀kan fi ń bàjẹ́ tí èkejì ò bàjẹ́? "Dín" àti "lé" ni ìdáhùn.

Kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ifẹ̀ yìí pé kí á fi Yorùbá kọ́ ìṣirò. Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ti Yunifásítì Ifẹ̀ darí bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò wà nínú rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, ilé ni ó ti wá.

Olùkọ́Lágẹ́rẹ́ fèsì:

Háà! Ọ̀rọ̀ àkámọ́ inú márùndínlọ́gbọ̀n yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ẹ ṣeun gan-an.

Bàbá, ẹ ní ẹ máa padà sí "of". Ìbéèrè kan nìyí: 24 ÷ ½ of 6. Ìwé ní 8. Bí mo bá fi × rọ́pò "of" bí wọ́n ti kọ́ wa, tí mo sì lọ láti òsì, 24 ÷ ½ jẹ́ 48, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 288. Àbí ìwé ló ṣì í?

BàbáÌṣirò_Ìlódè fèsì:

Ìwé ò ṣì í. "Of" túmọ̀ sí ìsọdipúpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe × tó wà ní ìpele kẹta. Ó ní ìpele tirẹ̀ lókè wọn, ìdí nìyẹn tí O fi ní lẹ́tà tirẹ̀ nínú BODMAS tiwa. Ẹ fi Yorùbá kà á: "24, pín in pẹ̀lú ìdajì 6". Ìdajì 6, ohun kan ni lẹ́nu, 3 ni orúkọ rẹ̀. 24 ÷ 3 jẹ́ 8. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn báyìí: bí ẹ bá rí "of", ẹ yí àkámọ́ ká ìdá àti ohun tó tẹ̀ lé e kíákíá, 24 ÷ (½ × 6), kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ìkìlọ̀ kan: àwọn ìwé tó ti ìlú òyìnbó wá lè ní O náà, àmọ́ "Order" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn nọ́ńbà kékeré tó wà lókè bíi ti 3². Ọmọ tó ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kò ní bá "of" pàdé níbẹ̀, ìdánwò wa sì ń bi í.

Nípa 12 ÷ 3(1 + 1): bí a bá tẹ̀ lé òfin ìpele bí a ṣe ń kọ́ ọ ní praimárì, 3(1 + 1) jẹ́ 3 × (1 + 1) lásán. Àkámọ́ di 2, ó ku 12 ÷ 3 × 2, láti òsì 4 × 2, 8. Ìdáhùn tí mo lè fún ọmọ praimárì kẹfà nìyẹn.

ỌmọIlésà fèsì:

Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò gbà. 2 ni. Ẹ fi a rọ́pò (1 + 1): 12 ÷ 3a. Ta ló máa ka 12 ÷ 3a sí 4a? Nínú áljẹ́brà, 3a ti lẹ̀ pọ̀, ohun kan ni. Bí a bá jẹ́ 2, 3a jẹ́ 6, 12 ÷ 6 jẹ́ 2. Ohun tí ÈdèWa ń sọ nípa márùndínlọ́gbọ̀n náà ni: èyí tó lẹ̀, àkámọ́ ni.

BàbáÌṣirò_Ìlódè fèsì:

Ẹ kú làákàyè, ará Iléṣà. Òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti wá. Àwọn tó ń ka nọ́ńbà ní ìlànà praimárì ń mú 8, àwọn tí áljẹ́brà ti wọ̀ lára ń mú 2, ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ lé ẹni tó ṣe é. Ní ọdún 2019, irú rẹ̀ kan, 8 ÷ 2(2 + 2), jà ràn-ìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kárí ayé. Apá kan ní 16, apá kan ní 1, àwọn onímọ̀ ìṣirò sì ń sọ pé ẹni tó kọ ọ́ ni kó wá sọ ohun tó ń fẹ́.

Nítorí náà, 8 tí mo kọ yẹn, ìdáhùn fún ọmọ tí kò tíì mọ áljẹ́brà ni. Bí ó bá jẹ́ èmi ni olùṣètò ìdánwò, ìbéèrè yẹn ò ní wọlé. Ìwé ìlànà àgbáyé lórí àmì ìṣirò, ISO 80000-2, ní kí á má ṣe jẹ́ kí × tàbí ÷ tẹ̀ lé àmì pípín / lórí ìlà kan náà láìsí àkámọ́. Ó tún ní kí á má lo ÷ mọ́ rárá. Àmì ÷ yẹn, Johann Rahn ló fi ṣe àmì pípín nínú ìwé kan tó jáde ní Switzerland ní 1659. Ní Norway àti Denmark ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti fi ÷ kan náà ṣe àmì ìyọkúrò. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fìdí múlẹ̀.

Ìlà ìdá, èyí tó sùn gbọọrọ láàárín nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀, ló tán gbogbo ìjà. Bí ẹ bá ń fẹ́ 2, ẹ kọ 12 sókè ìlà, kí 3(1 + 1) wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń fẹ́ 8, ẹ kọ 12 sókè, 3 nísàlẹ̀, kí (1 + 1) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá náà. Kí ẹ sì kọ́ ọmọ pé ìlà náà fúnra rẹ̀ àkámọ́ ni, lókè àti nísàlẹ̀. Ọmọ tó bá rí 8 + 4 lókè ìlà, 2 + 1 nísàlẹ̀, 12 ÷ 3 ló ní lọ́wọ́, 4. Bó bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bí 8 + 4 ÷ 2 + 1, 11 ló máa jáde, torí 4 ÷ 2 nìkan ni fóònù rí. Kó tẹ (8 + 4) ÷ (2 + 1).

ỌmọIlésà fèsì:

Mo gbà, mo gbà. Ìlà ni kí á lò.

ÌyáEléré_Sábó fèsì:

Ẹ kú ìjíròrò o. Eré àwòrán tí àwọn ọmọ fẹ́ràn lórí fóònù, ẹ lè ya á sójú pátákó, òfin ìpele náà ló wà nínú rẹ̀. Tiwa-n-tiwa ni ẹ yà:

kòkó + kòkó + kòkó = 18
kòkó + obì + obì = 14
obì − àgbọn = 2
kòkó + obì × àgbọn = ?

Kòkó kan jẹ́ 6. 14 − 6 jẹ́ 8, obì méjì ló jẹ́ 8, obì kan jẹ́ 4. Àgbọn jẹ́ 2. Ìlà tó kẹ́yìn: 6 + 4 × 2. Ẹni tó bá sáré á mú 20. 14 ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kó le díẹ̀, ẹ ya obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin sí ìlà kejì àti ìkẹta, kí awẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn, kí ẹ wá ya aláwẹ́ mẹ́ta sí ìlà tó kẹ́yìn. Awẹ́ kan jẹ́ 1, nítorí náà obì yẹn jẹ́ 3: 6 + 3 × 2 jẹ́ 12. Ọmọ ilé wa tó mọ obì á ti rí i kí ẹ tó dákẹ́. Ẹ má fi ẹ̀tàn méjì sínú ìlà kan fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ o. Bó bá kùnà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ojú ni kò ríran ni tàbí ìpele ni kò yé e.

Òmíràn tó dára ni pé kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà àti àmì, kí wọ́n wá àkámọ́ fúnra wọn. Ẹ kọ 2 + 3 × 4 − 1. Láìsí àkámọ́, 13. Ẹ ní kí wọ́n mú 19, 11 àti 15 jáde:

(2 + 3) × 4 − 1 = 19
2 + 3 × (4 − 1) = 11
(2 + 3) × (4 − 1) = 15

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ kí wọ́n kọ àkámọ́ tó yẹ nìkan. Ẹ máa rí èyí tó kọ 2 + (3 × 4) − 1 tó rò pé òun ti yí nǹkan padà. Ẹ má sọ fún un pé ó kùnà. Ẹ bi í pé, ṣé ìdáhùn yí?

Olùkọ́Lágẹ́rẹ́ fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kó ògiri, márùndínlọ́gbọ̀n àti obì jọ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ìdánwò kékeré tí mo fẹ́ fi parí rẹ̀ ni èyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kọ ọ́:

3 + 5 × (10 − 6) ÷ 4 − 1

Ìdáhùn mi: àkámọ́ 4, 5 × 4 jẹ́ 20, 20 ÷ 4 jẹ́ 5, 3 + 5 − 1 jẹ́ 7.

AtẹrọMayfair fèsì:

7 tọ́, àmọ́ ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó tú àkámọ́ tán tó wá ń lọ láti òsì láìka ìpele sí: 3 + 5 jẹ́ 8, 8 × 4 jẹ́ 32, 32 ÷ 4 jẹ́ 8, yọ 1, 7. Ẹ máa fún un ní máàkì tó pé, kò sì mọ nǹkan kan. × 4 àti ÷ 4 ló pa ara wọn rẹ́.

Ẹ sọ 4 tó wà lẹ́yìn ÷ di 2. Ọ̀nà tó tọ́: 20 ÷ 2 jẹ́ 10, 3 + 10 − 1 jẹ́ 12. Èyí tí kò tọ́: 32 ÷ 2 jẹ́ 16, yọ 1, 15. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ìbéèrè yòówù tí ẹ bá ṣe, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀nà àìtọ́ ṣe é fúnra yín. Bí ìdáhùn méjèèjì bá bá ara wọn mu, ẹ yí nọ́ńbà kan padà.

Olùkọ́Lágẹ́rẹ́ fèsì:

Kò sí ẹni tó máa rí ìyẹn nínú ìwé o. Mo ti sọ ọ́ di 2.